Kí Ẹ Tó Pe Sójà Jọ, Ẹ Bi Sokoura Léèrè

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Olórí Orílẹ̀-èdè ECOWAS, Abuja



Láàárọ̀, ní ọjà Sokoura ní ìlú Bouaké, ní Côte d'Ivoire, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ nídìí àlùbọ́sà. Oníbàárà á kí ẹni tó ń tajà pé "I ni sogoma." Bí ó bá jẹ́ obìnrin ló jókòó ti àtẹ, á dáhùn pé "Nse", bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, "Mba" ni. Ìgbà náà ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ òkìtì wò. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń béèrè ni àlùbọ́sà pupa tí wọ́n ń pè ní Galmi, nítorí pé ìlú Galmi, ní agbègbè Tahoua ní orílẹ̀-èdè Niger, ló ti gba orúkọ. Oníbàárà á mú ẹyọ kan, á tẹ orí rẹ̀ wò bóyá ó ti ń rọ̀, á fi àtàǹpàkò bó èèpo gbígbẹ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, á gbé e sí imú. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú owó sílẹ̀. Oníbàárà yẹn lè jẹ́ Yorùbá láti Èjìgbò tó ń wá èyí tí yóò lọ̀ mọ́ ata. Ẹni tó ń tà lè jẹ́ Zarma tàbí Haúsá láti Niger. Awakọ̀ tó kó ẹrù dé lè jẹ́ Mọ́sí láti Burkina Faso, kí ilé tí wọ́n pàtẹ sí iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ti Baoulé. Èdè Jùlá ni gbogbo wọn fi ń ná ọjà, bẹ́ẹ̀ ní èdè Jùlá náà, "ilé tuntun" ni Sokoura túmọ̀ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń fà sẹ́yìn nígbà tí alágbára àárín wọn bá pè wọ́n sógun, kó kọ́kọ́ dúró díẹ̀ nídìí àtẹ yìí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, ọ̀gágun Abdourahamane Tiani, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ Ààrẹ, ti Ààrẹ Mohamed Bazoum mọ́lé ní Niamey, ó sì gba ìjọba. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Ààrẹ Bola Tinubu ti Nàìjíríà gorí àga alága ECOWAS. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, ẹ̀yin olórí pé jọ sí Abuja, ẹ sì fún àwọn sójà náà ní gbèdéke ọjọ́ méje: kí wọ́n dá Bazoum padà sórí oyè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ECOWAS lè lo ipá. Ẹ ti ẹnubodè, ẹ gbẹ́sẹ̀ lé owó Niger ní báńkì, Nàìjíríà sì pa iná mànàmáná tó ń lọ síbẹ̀. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí Niger ń lò nígbà náà, ọ̀dọ̀ Nàìjíríà ló ti ń wá. Ní Malanville, ní etí Odò Ọya ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí afárá ti so ìlú náà mọ́ Gaya tó wà ní òdìkejì, àwọn tírélà tò lọ bẹẹrẹ pẹ̀lú ẹrù lórí, wọn ò rí ibi kọjá.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ẹ tún pé ní Abuja, ẹ ní kí àwọn ọmọ ogun ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Ààrẹ Alassane Ouattara kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní Côte d'Ivoire yóò fi bàtálíọ̀nù kan sílẹ̀, ọmọ ogun 850 sí 1,100. Nígbà tó di ọjọ́ 18, lẹ́yìn tí àwọn olórí ológun parí ìpàdé ní Accra, Abdel-Fatau Musah, kọmíṣọ́nnà ECOWAS fún ọ̀rọ̀ òṣèlú, àlàáfíà àti ààbò, sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa wọlé, àmọ́ wọn ò ní sọ ọ́ síta. Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èyí kò pa arọ, kò pa ẹlẹ́sẹ̀, nítorí ọjọ́ tí wọ́n mú náà kò dé títí di òní.

Kí ló dé tí kò fi dé? Àwọn ọ̀rẹ́ ni kò gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, kí gbèdéke tó pé, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Nàìjíríà ti rọ Tinubu pé kó wá ọ̀nà òṣèlú yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìpínlẹ̀ méje ní àríwá Nàìjíríà ló bá Niger pààlà: Sokoto, Kebbi, Zamfara, Katsina, Jigawa, Yobe àti Borno. Lọ́pọ̀ ibi lójú ààlà náà, ará ilé kan náà ló wà ní apá méjèèjì, Haúsá kan náà ni wọ́n ń sọ, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Àwọn ìpínlẹ̀ yìí gan-an ni agbésùnmọ̀mí àti àwọn ajínigbé ti ń dá ìlú rú, lójú àwọn ará ibẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ni ìjọba fẹ́ fi sílẹ̀ pa làpálàpá. José Maria Neves, Ààrẹ Cape Verde tó wà nínú ECOWAS fúnra rẹ̀, ní òun kò fara mọ́ ogun. Algeria kọ̀ ọ́. Chad ní òun ò bá wọn lọ. Málì àti Burkina Faso ní ẹni tó bá kọlu Niger, àwọn ló kọlù. Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà àti Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà yọ Niger kúrò nínú ètò àjọ náà fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí ogun.

Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ gbé ìjìyà náà kúrò ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024. Bazoum ṣì wà ní àhámọ́ nígbà náà. Niger, Málì àti Burkina Faso ti kéde ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní pé àwọn ń jáde nínú ECOWAS, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, ó di òótọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ jẹ́, ẹ di méjìlá.

Àwọn kan ń pe fífà sẹ́yìn yẹn ní ìwà ojo, àwọn mìíràn ń pè é ní ìwà ọ̀dàlẹ̀. Lẹ́tà yìí ń sọ pé ìròyìn ni. Nígbà tí ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ọ jù bá ní òun ò bá ọ lọ, ohun kan wà tó rí tí ìwọ kò tíì rí. Ẹni tó bá jẹ́ alágbára ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà, kó tó ka ọjọ́ méje fún ẹnikẹ́ni.

Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ ti fà sẹ́yìn rí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun ECOMOG tí ECOWAS kó jọ gúnlẹ̀ sí Monrovia, ní Làìbéríà, Nàìjíríà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú sójà àti owó. Ààrẹ Houphouët-Boigny kò fi sójà kankan ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Blaise Compaoré ní Burkina Faso. Ọ̀rọ̀ náà kò dá lórí èdè Faransé àti èdè Òyìnbó nìkan. Ìyàwó Adolphus Tolbert, ọmọ Ààrẹ Làìbéríà àtijọ́ tí àwọn èèyàn Samuel Doe pa ní ọdún 1980, jẹ́ ẹni tí Houphouët-Boigny kà sí ọmọ rẹ̀. Láti ilẹ̀ Côte d'Ivoire sì ni àwọn jagunjagun Charles Taylor ti wọ Làìbéríà lọ́jọ́ àìsùn Kérésìmesì ọdún 1989. Nítorí náà, aládùúgbò tó yẹ kó jẹ́ alájọṣe ECOMOG ti ní ẹni tó ń tì lẹ́yìn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990 kò tíì dá sí méjì tí Doe, tó ti wá di Ààrẹ Làìbéríà, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ibùdó ECOMOG, tí Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, sì mú un níbẹ̀ lọ pa. Ọdún 1997 ni ìdìbò tó wáyé, ogun sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1999, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní iṣẹ́ ECOMOG ti ná Nàìjíríà tó bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là.

Ní Bouaké, kò sí ẹni tó ń fi ìwé ìtàn kọ́ ohun tí ogun jẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ìlú náà sùn sí ọwọ́ ìjọba, ó jí sí ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di olú ìlú wọn. Báńkì tì, ọ̀pọ̀ ilé ìwé tì, òṣìṣẹ́ ìjọba sá lọ sí gúúsù. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọjà lọ sí Abidjan á gba ọ̀nà Djébonoua dé Tiébissou, á máa san owó ní ìdènà kan dé òmíràn. Àwọn Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ànàgó wà láàárín: wọn kì í ṣe ará àríwá, wọn kì í ṣe ará gúúsù, ṣùgbọ́n àjèjì ni wọ́n lójú ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìbọn.

Nígbà tí ECOWAS wá rán àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ wá ní ọdún 2003, Senegal, Gánà, Togo, Benin àti Niger ló fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka orúkọ tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ Niger fi ilé wọn sílẹ̀, wọ́n wá dúró láàárín ọmọ Côte d'Ivoire méjì kí wọ́n má baà pa ara wọn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Côte d'Ivoire ní òun ti ní bàtálíọ̀nù kan tí yóò lọ bá Niger jà.

Àwọn Faransé náà wà ní Bouaké, wọ́n sì kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tó le. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ọkọ̀ òfurufú ogun méjì ti ìjọba Ààrẹ Gbagbo ju bọ́ǹbù sí ibùdó wọn ní ilé ìwé Lycée Descartes. Sójà Faransé mẹ́sàn-án kú, ọmọ Amẹ́ríkà kan sì kú pẹ̀lú wọn. Faransé ba ọkọ̀ òfurufú Côte d'Ivoire jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, inú Abidjan ti gbóná sí gbogbo ẹni tó bá jẹ́ Faransé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kó ẹrù lọ. Ìjọba wọn ló rán sójà wá. Oníbúrẹ́dì àti tíṣà wọn ló sanwó rẹ̀.

Gánà mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2010, tí Gbagbo kọ̀ tí kò gbé ipò sílẹ̀ fún Ouattara, ẹ̀yin olórí ìgbà náà pé jọ sí Abuja ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, Goodluck Jonathan ni alága, ẹ sì ní ẹ lè fi ipá lé e. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, Ààrẹ John Atta Mills sọ pé Gánà kò ní fi sójà kankan sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òun, òun kò sì gbà pé ìbọn ló máa mú àlàáfíà wá. Ó tún wo àìmọye ọmọ Gánà tó ń gbé ní Côte d'Ivoire. Ọ̀rọ̀ Fanti kan ló fi dé e lórí: Dzi wo fie asem, ìyẹn ni pé kí oníkálukú gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Àwọn alátakò rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n sójà ECOWAS kò lọ, nígbà tí Gbagbo sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn alátakò rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011, kò sí ẹni tó lè lọ gbẹ̀san lára ọmọ Gánà kan ní ọjà Bouaké.

Kò yẹ kí ìbẹ̀rù tí Mills ní fún àwọn èèyàn rẹ̀ ya Yorùbá kankan lẹ́nu. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá tí wọ́n ti fi ìdí múlẹ̀ ní Kumasi, Tamale àti Accra sì ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀ láti rí owó ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ogun níbẹ̀ rárá. Abidjan pàápàá ti lé àwọn ará Dahomey àti Togo ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò ti wà lójú ọ̀nà yìí tipẹ́. Rélùweè tó kọ́kọ́ gbé wọn gòkè dé Bouaké ní ọdún 1912, Abidjan–Niger ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò dé Niger rí. Ouagadougou ló dé ní ọdún 1954. Ibi tí irin kò dé, ẹsẹ̀ àwọn oníṣòwò dé ibẹ̀. Ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ọkọ̀ ń gbéra lọ sí Abidjan, owó sẹ̀fà ń ná láàárín ìlú, Faransé sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó wá lo ọlidé fi ń bá ara wọn jà nídìí bọ́ọ̀lù. Irú ìdílé yẹn ní ọmọ ní Bouaké, ó ní ẹ̀gbọ́n ní Niamey, ó ní àna ní Cotonou. Orílẹ̀-èdè wo ni kó gbàdúrà pé kó ṣẹ́gun?

Ẹ̀yin náà lè fèsì pé ipá ti ṣiṣẹ́ rí, òótọ́ sì ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Senegal ló síwájú, Nàìjíríà àti Gánà sì wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n wọ Gámbíà ní ọjọ́ 19, Yahya Jammeh sì bọ́ sínú ọkọ̀ òfurufú lọ sí Equatorial Guinea ní ọjọ́ 21. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà tí àwọn sójà kan fẹ́ gba ìjọba ní Benin, ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà wà lójú sánmà lọ́jọ́ náà gan-an, ECOWAS sì ní kí sójà Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Côte d'Ivoire lọ síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó jọra nínú méjèèjì. Ní Gámbíà, Adama Barrow tó wọlé ìdìbò ló ké sí wọn, àwọn sójà Jammeh kò sì fẹ́ jà fún un mọ́. Ní Benin, Ààrẹ Patrice Talon ṣì wà lórí àga rẹ̀ nígbà tó ké gbàjarè. Onílé ló ní kí wọ́n wọlé. Ní Niger, onílé wà ní àhámọ́, àwọn ológun tó ti í mọ́lé wà ní ipò, méjì nínú àwọn aládùúgbò ti búra pé àwọn máa bá wọn jà, alágbára sì ti sọ ọjọ́ kó tó bi ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó lágbára ju Nàìjíríà lọ ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 2003, Amẹ́ríkà nílò ìbò ní Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé kó tó wọ Iraq. Guinea, Cameroon àti Angola wà lórí àga nígbà náà, Guinea tiẹ̀ ni alága ní oṣù Kẹta. Àwọn aṣojú Washington àti ti Paris ń sáré lọ sí Conakry, Yaoundé àti Luanda bí ẹni ń tọrọ ìyàwó fún ọmọ. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà kò ṣe ìlérí ìbò kankan ní gbangba, Amẹ́ríkà àti Britain sì ká ìwé àbá wọn kò láì dìbò. Ní ọjọ́ 1 oṣù náà, ilé aṣòfin Turkey, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NATO, ti kọ̀ kí sójà Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ wọn kọjá. Nígbà ogun Vietnam pàápàá, Harold Wilson kò fi bàtálíọ̀nù Britain kan sílẹ̀, bó ti wù kí Lyndon Johnson fẹ́ ẹ tó, NATO kò sì tú ká. Ọ̀rẹ́ tó kọ̀ lè máa jẹ́ ọ̀rẹ́ lọ, bí ẹni tó pè é kò bá sọ kíkọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni lẹ́tà yìí ń béèrè.

Èkínní, kí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè tí yóò fi sójà sílẹ̀ dìbò kí ẹ tó kéde gbèdéke, kó má jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú òfin Nàìjíríà ọdún 1999, abala 5, Ààrẹ kò lè rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin Àgbà ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, àyàfi nígbà tí ewu bá sún mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè tán. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè ECOWAS, ọjọ́ méje Abuja ìbá ti di ìjíròrò kó tó di ìdójútì.

Èkejì, kí ẹ yọ iná mànàmáná, oògùn àti oúnjẹ kúrò nínú ohun tí ẹ fi ń fìyà jẹ ìjọba. Òkùnkùn tó ṣú ní Niamey kò ṣú lórí Tiani nìkan.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ máa béèrè, kí ẹ tó gbèrò ogun, iye ọmọ orílẹ̀-èdè yín tó ń gbé níbi tí ẹ fẹ́ lọ, iye ọmọ ibẹ̀ tó ń gbé ní ọ̀dọ̀ yín, àti ohun tí ẹ máa ṣe fún wọn lọ́jọ́ tí ìbọn àkọ́kọ́ bá dún. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, ECOWAS fọwọ́ sí ìwé pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa lọ máa bọ̀ fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ẹ ní kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ Niger, Málì àti Burkina Faso wọlé títí ọ̀rọ̀ yóò fi tòrò. Ẹ ṣeun. Ẹ wá sọ ọ́ di àdéhùn tó dúró, kí oníṣòwò àlùbọ́sà yé gbé ẹ̀mí sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣèpàdé.

Ó ku ibi tí ẹ ó ti jókòó jíròrò rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2007, ní pápá ìṣeré Bouaké, Gbagbo àti Soro, tó ti ṣe olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, dáná sun òkìtì ìbọn níṣojú ará ìlú. Ọdún 16 géérégé lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan náà nínú oṣù, ni ẹ fún Niger ní gbèdéke. Stade de la Paix ni pápá náà ń jẹ́ lónìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2024, ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí Málì ní òun kúrò nínú ECOWAS, Málì àti Côte d'Ivoire pàdé níbẹ̀ nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, Côte d'Ivoire tó ku èèyàn mẹ́wàá sì borí pẹ̀lú góòlù méjì sí ọ̀kan lẹ́yìn àfikún àkókò. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, Nàìjíríà lu South Africa ní pẹnáritì lórí koríko kan náà. Pápá náà gba 40,000 èèyàn. Àga méjìlá tiyín kò ní ṣòroó tò síbẹ̀, mẹ́ta sì lè kún un, bí àwọn tó jáde bá gbà láti wá jókòó. Lẹ́yìn ìpàdé, kí wọ́n mú yín yà sí ọjà Sokoura. Ẹ máa kí àwọn ọlọ́jà ní Jùlá. Ẹ ó mọ ohun tí wọ́n máa fi dá yín lóhùn.

Láti Sokoura, ní Bouaké.